Igbó Ekuri: Ta Ló Ń San Owó Ẹ̀ṣọ́?

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò ná. Abúlé yín wà láàárín igbó, ọ̀nà mọ́tò ò dé ibẹ̀. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá gbó lóko, orí lẹ ó fi rù ú dé ọjà. Bí ara ẹnìkan ò bá yá, ẹ ó gbé e rìn ni. Ọjọ́ kan ni àwọn ilé iṣẹ́ agégẹdú dé, wọ́n ní àwọn á la ọ̀nà fún yín bí ẹ bá gbà kí àwọn gé igi. Kí lẹ máa sọ?

Ká má parọ́, ó ṣeé ṣe kí àwa gbà. Ṣùgbọ́n Old Ekuri àti New Ekuri, abúlé méjì ní ìpínlẹ̀ Cross River, kọ̀ jálẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ ọ̀nà o. Igbó náà ni ilé oúnjẹ wọn.

Ní 1992, wọ́n dá Ekuri Initiative sílẹ̀ láti máa bójú tó igbó wọn, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 33,600. Wọ́n pín ilẹ̀ náà: ibi tí wọ́n á ti dáko, ibi tí wọ́n á ti gé igi níwọ̀nba, ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Wọ́n ń ta gẹdú díẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ń ta ewé afang àti òro. Àwọn ará ìta ràn wọ́n lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ owó igbó wà lára ohun tí wọ́n fi la ọ̀nà tí agégẹdú fẹ́ fi tàn wọ́n. Nígbà tó di 2004, wọ́n gba Equator Prize, ẹ̀bùn tí àjọ UNDP ń fún àwọn ará ìlú tó ń dáàbò bo àyíká tí wọ́n sì ń rí jẹ níbẹ̀.

Àṣé wàhálà ṣì ń bọ̀. Ní 2008, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fòfin de gígé gẹdú pátápátá. Èrò náà ò burú, nítorí igbó ń run lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òfin náà ò ya olè sọ́tọ̀ kúrò lára onílé. Lẹ́yìn náà ni ètò REDD+ dé, tó ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó á máa sanwó fún ẹni tó bá fi igi sílẹ̀ lóòró. Owó gẹdú ti dúró, owó ìlérí ò sì tètè dé. Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ irú èyí dáadáa: wọ́n pa ìlà tó ń ṣiṣẹ́ rẹ́ kí tuntun tó ṣe tán. Gbogbo nǹkan á kàn dákú ni.

Nígbà tó wá di oṣù kìíní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ kan náà kéde pé òun á gba ilẹ̀ kìlómítà 10 lápá ọ̀tún àti 10 lápá òsì ọ̀nà márosẹ̀ tuntun kan. Èyí tó pọ̀ nínú igbó Ekuri ni ìbá bá a lọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀: àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n má gégi ni wọ́n tún fẹ́ gba igbó lọ́wọ́ wọn! Àwọn ará Ekuri kọ̀wé ẹ̀hónú, ọ̀pọ̀ èèyàn kárí ayé sì bá wọn fọwọ́ sí i. Ní 2017, ìjọba fa ọwọ́ kìlómítà 10 náà sẹ́yìn.

Ohun tá a rí kọ́ ni pé pàṣípààrọ̀ ni ọ̀rọ̀ igbó, kì í ṣe ojúure. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ àpótí owó wà lọ́wọ́ àwọn ará Ekuri, wọ́n ṣọ́ igbó, wọ́n sì jẹun. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ìṣọ́ nìkan ló kù fún wọn. Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sílé. Nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, erin wà níbẹ̀, àgbẹ̀ oníkòkó náà wà níbẹ̀. Tá a bá tún gbọ́ pé wọ́n ní kí àgbẹ̀ kó kúrò nítorí erin, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi wọ́n: kí ni àgbẹ̀ á máa jẹ, ta ló sì máa san án?