Aago Lójú Ọ̀nà Ọ̀yọ́

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Móníyà. Ẹni tó bá dúró sẹ́bàá títì níbẹ̀, tó kọjú sí Akínyẹlé, ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ló ń wò yẹn. Rélùwéè ti dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, ṣùgbọ́n orí aláàárù ni ẹrù tó ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ ṣì wà. Nígbà tí Walter Egerton ń ṣe gómìnà, ìjọba la ọ̀nà láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, nǹkan bíi máìlì 32, nígbà tó sì di 1906, mọ́tò ìjọba ti ń ná an. Ìrìn tí ẹlẹ́rù fi ń sùn lọ́nà di ohun tí èèyàn ń lọ tó ń bọ̀ lóòjọ́. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti wọ ẹnu wa: ìṣẹ́jú mélòó lo fi dé?

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wa Píjó 504 láti gáréèjì Móníyà lọ sí Ọ̀yọ́ fún ọdún pípẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń to Píjó pọ̀ ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, ọdún kan náà tí Ove Andersson, ará Sweden, fi 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà, nínú ẹrẹ̀ àti eruku. Irú mọ́tò tí wọ́n fi gba ife yẹn náà la fi ń kó gàrí àti èrò. Ṣé ó wá yẹ kó yà wá lẹ́nu pé àwọn dírẹ́bà wa ń wo ara wọn bí ẹni tó wà nínú ìdíje? Bí ọkọ̀ bá ti kún, Bàbá á bọ́ aago ọwọ́ wọn, wọ́n á fi kọ́ ara dígí iwájú, wọ́n á ní kí èrò máa bá àwọn wò ó. Èrò á hó yèè. Bí wọ́n bá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dé Ọ̀yọ́, gbogbo gáréèjì ló máa gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Kìlómítà bí 50 ni ọ̀nà yẹn láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá ń sá 100 láàárín wákàtí á fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dé. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ dé 130 á fi bíi mẹ́tàlélógún. Ìṣẹ́jú méje ni èrè rẹ̀, kò tó àkókò tí èèyàn fi ń jẹ àmàlà tán. Bẹ́ẹ̀ ní 130 yẹn, mítà 36 ni ọkọ̀ ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan, táyà ẹ̀yìn bẹ́ nígbà tí wọ́n kọjá Akínyẹlé. Bàbá jáde láàyè. Ẹnì kan tó jókòó sẹ́yìn kò jáde.

Ní Amẹ́ríkà náà, orí títì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ California ń ra ọkọ̀ àlòkù, wọ́n ń tún íńjìnnì rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ń fi bá ara wọn sáré lóru. Ó ń pa wọ́n, ó sì ń pa ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Pápákọ̀ òfurufú ló yí i padà. Ní 1949 wọ́n sáré ní Goleta. Ní 1950 C. J. Hart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ààyè lórí pápákọ̀ òfurufú ní Santa Ana, ọkọ̀ sì ń sáré níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ka àkókò. Wally Parks, olóòtú ìwé ìròyìn Hot Rod, dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀ ní 1951. Ìdíje àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà fọwọ́ sí wáyé ní Pomona ní 1953. Ìdámẹ́rin máìlì ni gígùn eré náà, bíi mítà 402, ó sì tọ́ tààrà. Irú pápá yìí ni wọ́n ń pè ní drag strip.

Kò dìgbà tí èèyàn bá ní mọ́tò ìdíje. Ní ọ̀pọ̀ pápá bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan máa ń wà tí ẹnikẹ́ni lè gbé ọkọ̀ tó fi ń gbọ́mọ lọ sílé ìwé wá. Á sanwó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á yẹ ọkọ̀ wò: ṣé táyà dára, ṣé wọ́n de bátìrì dáadáa, ṣé ọ́ìlì ò jò. Gbogbo ẹrù inú bùútù á bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ méjì á tò síwájú òpó iná, ó di ìgbà tí iná bá tàn wẹ̀rẹ̀ bí ewé. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ rèé: aago kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná bá tàn, àfi ìgbà tí táyà iwájú bá kúrò lójú ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọ̀nà. Ẹni tó sùn nídìí sítíárì lè pàdánù eré, ṣùgbọ́n àkókò ọkọ̀ rẹ̀ ò ní bàjẹ́. Tó bá parí, wọ́n á fún un ní bébà kékeré tí àkókò àti ìyára wà nínú rẹ̀.

Irú eré kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn ará gáréèjì wa ì bá fẹ́ràn. Dírẹ́bà á kọ àkókò tó gbà pé òun máa fi dé òpin sára wíńdò. Bí tìrẹ bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 18, tí tèmi jẹ́ 14, wọ́n á jẹ́ kí o fi mẹ́rin ṣíwájú mi. Àmọ́ bí o bá yára ju iye tí o kọ lọ, o lè tìtorí ẹ̀ pàdánù. Ẹni tó mọ ọkọ̀ rẹ̀ ló ń jẹ.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀ṣọ́ la rí. Ní 1977, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ọ̀ṣun òní ṣì wà nínú rẹ̀, dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, wà lára àwọn tó dúró tì í. Wọ́n tú u ká ní 1983. Ní February 1988 ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀, Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́. Mi ò fojú tín-ín-rín iṣẹ́ yẹn rárá. Ṣùgbọ́n "má sáré" ni wọ́n ń sọ fún Bàbá. Kò sẹ́ni tó fi ibi tí wọ́n ti lè sáré hàn wọ́n.

Bàbá ti tà Píjó tipẹ́. Tí wọ́n bá ń lọ sí Èkó báyìí, ibùdókọ̀ rélùwéè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí wọ́n ṣí ní Móníyà ní June 2021 ni wọ́n ti ń wọkọ̀. Mo fi fídíò eré Amẹ́ríkà hàn wọ́n lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ àkókò tí wọ́n ń kọ sára wíńdò pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè bí ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró ṣe gùn tó. Mo ní, "Bàbá, ní ọ̀pọ̀ pápá, ó gùn ju ibi tí ọkọ̀ ti ń sáré lọ." Wọ́n fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ wọn òsì, níbi tí aago máa ń wà. Wọ́n ní kí n tún un ṣí, kí n má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi eré, kí n gbé e lọ síbi tí ọkọ̀ ti ń dúró.