Ìṣirò Ni àbí Gẹ̀ẹ́sì? Ìtàn Ilé Ìwé Kan ní Modákẹ́kẹ́

Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹrin ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà wa kọ ìṣirò kan sára pátákó. Bàbá kan fẹ́ pín owó fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan wà láàárín ìbéèrè yẹn tí mi ò rí rí: "respectively". Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan o. Ojoojúmọ́ ni mò ń bá ìyá mi pín ata lé orí àtẹ lọ́jà, mo sì mọ iye tí ṣẹ́ńjì oníbàárà yẹ kó jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn dí mi lọ́nà. Mo gba òdo. Ohun tí wọ́n sì kọ sínú káàdì mi ni pé ìṣirò ò yé mi.

Iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni mò ń ṣe báyìí. Nínú iṣẹ́ wa, bí nǹkan kan ò bá ṣiṣẹ́, ohun tí a kọ́kọ́ ń bi ara wa ni pé: apá ibo ló bàjẹ́? A óò ya ìkan sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì, a óò dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé ìwé tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì dán ọmọ Yorùbá wò nínú ohun gbogbo, tí ọmọ bá sì kùnà, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá iṣẹ́ náà ni kò mọ̀ ni àbí èdè tí wọ́n fi bi í. Ní Modákẹ́kẹ́, àwọn kan gbìyànjú láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí a ṣe débẹ̀.

Àwọn míṣọ́nnárì tó kọ́kọ́ dá ilé ìwé sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, láti Badagry láwọn ọdún 1840 wá, ò kórìíra Yorùbá. Wọ́n nílò rẹ̀ láti wàásù. Samuel Àjàyí Crowther ń túmọ̀ Bíbélì, nígbà tó sì di 1859, Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn jáde lédè Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Àwọn òbí kan gan-an ló ń fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, torí Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ ọmọ di akọ̀wé ìjọba.

Owó ló wá yí i padà. Ní 1862, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ètò kan kalẹ̀ fáwọn ilé ìwé tiwọn: bí ọmọ bá ṣe yege sí nínú ìdánwò ni owó ìrànwọ́ ilé ìwé ṣe máa pọ̀ sí. Irú ètò yẹn ni òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 gbé wá sí Èkó. Kíkà àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì wà lára ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Yorùbá ò sí níbẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọ̀gá ilé ìwé tó fẹ́ san owó tíṣà lóṣù tó ń bọ̀: èwo ni yóò fi wákàtí rẹ̀ kọ́ ọmọ? Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi iye ìlà kóòdù tí èèyàn kọ díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín oṣù kan, kóòdù wa ti gùn bí ọ̀nà Ṣókótó. Ohun tí ẹ bá ń kà ni àwọn èèyàn máa ṣe.

Nígbà tí wọ́n dá WAEC sílẹ̀ ní 1952, ọ̀rọ̀ ti rí báyìí: Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, tó bá wọ ìwé kẹrin, wọ́n á yí gbogbo rẹ̀ padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ dé lóṣù kìíní ọdún 1955. Ọmọ tó lé ní 800,000 wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún yẹn. Ibo la ti fẹ́ rí tíṣà tí Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ gún régé fún gbogbo wọn? Tíṣà tí èdè náà ò yọ̀ mọ́ lẹ́nu ló ń fi í ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì fún ọmọ tí kò gbọ́ ọ rárá. Ọ̀pọ̀ ọmọ parí ìwé mẹ́fà láìlè ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, láìlè kọ Yorùbá dáadáa.

Ohun tó ń dun Àlíù Babátúndé Fáfúnwá nìyẹn. Ọmọ Èkó ni, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ méjì. Ọ̀wọ́ kan á fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ọ̀wọ́ kejì á ṣe bí gbogbo ayé ti ń ṣe: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta.

Àwọn ọmọ ọ̀wọ́ kìíní ò pàdánù Gẹ̀ẹ́sì o. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣi ìtàn yìí sọ nìyí. Wọ́n ń kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan tó dá dúró, bí èdè àlejò tí ọmọ ò gbọ́ nílé, lọ́wọ́ tíṣà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan niṣẹ́ rẹ̀. Adébísí Afọ́láyàn, onímọ̀ èdè, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ètò náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n ní láti kọ ìwé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì lédè Yorùbá, kí wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí kò tíì lórúkọ. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí nìkan tó oyè ọ̀jọ̀gbọ́n.

Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ló ṣe dáadáa jù nínú wọn. Ìyẹn ò yani lẹ́nu. Gẹ̀ẹ́sì ló yani lẹ́nu: wọn ò rẹ̀yìn sáwọn tó ti fi ọdún mẹ́ta gbáko fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ohun gbogbo.

Mo mọ ohun tí ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ tèmi máa sọ: wọ́n yí ohun tó ju ẹyọ kan lọ padà. Ìwé tuntun, tíṣà pàtàkì, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń wọlé tó ń jáde. Ta ló mọ èyí tó ṣiṣẹ́? Òótọ́ ni, àwọn kan sì ti sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì yẹn ló ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni ọmọ fi ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe pé ká máa fi Gẹ̀ẹ́sì pariwo ìsọdipúpọ̀ mọ́ ọn létí.

Ìwé òfin ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1977 fara mọ́ èdè abínibí fún ìbẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Fáfúnwá fúnra rẹ̀ tún di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Síbẹ̀, nílé ìwé tí èmi lọ lẹ́yìn náà, owó ìtanràn la fi ń sọ Yorùbá. Ìdánwò ò yí padà, kí ló máa mú ilé ìwé yí padà? Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ pàápàá, ẹ wò ó: ní WAEC ti Nàìjíríà, bébà ni wọ́n fi ń dán ọ̀rọ̀ ẹnu wò. Ọmọ á jókòó jẹ́ẹ́, á máa mú ìdáhùn nípa ìró fáwẹ̀lì pẹ̀lú pẹ́ńsù, kò ní la ẹnu rẹ̀ rárá.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ara ẹ̀rí tó mú wá ni pé àwọn agbègbè tó ń lo èdè abínibí jù ló ń fìdí rẹmi ní WAEC, NECO àti JAMB. Ọmọ tó wọ ìwé kìíní lẹ́yìn ìkéde ọdún 2022 ò tíì parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n fagi lé e, ká má tíì sọ pé ó jókòó ṣe WAEC. Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi kọ ìbéèrè ìṣirò inú àwọn ìdánwò yẹn.

WAEC ti ń ṣe ìdánwò Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan tipẹ́, àwọn tó lè kọ ìbéèrè lédè náà wà. Ọdún kan péré ti tó: kí wọ́n tẹ ìbéèrè ìṣirò kan náà ní èdè méjì, kí wọ́n pín in fún ọ̀wọ́ ọmọ méjì nílé ìwé kan náà, kí a wá ka máàkì.