Ìtàn Rédíétọ̀ Mọ́tò: Láti Orí Bàbà dé Orí Ike

Nínú gbogbo ohun tí ń bẹ lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, díẹ̀ ni a máa ń gbàgbé tó rédíétọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ń lọ geerege, kò sí ẹni tí í bèèrè rẹ̀. Ọjọ́ tí ooru bá ń rú túú láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ní agbede-méjì ọ̀nà ni olúkúlùkù tó ń sáré wá omi kiri. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú wa ni ó ní ọkọ̀ tí ó ti dàgbà. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí á mọ ìdí tí rédíétọ̀ àtijọ́ fi jẹ́ irin látòkè délẹ̀, tí ti òde òní sì fi ní táǹkì oníke.

Iná ni ẹ́ńjìnnì fi ń ṣiṣẹ́. Bí a kò bá mú ooru iná náà kúrò, àwọn irin inú rẹ̀ yóò wú, wọn yóò gan mọ́ ara wọn, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú. Karl Benz, ará Jámánì tí ó gba ìwé àṣẹ lórí ọkọ̀ rẹ̀ ní 1886, jẹ́ kí omi yí ẹ́ńjìnnì ká, kí ó máa hó, kí ó sì máa gbẹ lọ. Awakọ̀ a sì máa bu òmíràn sí i. Wilhelm Maybach, ará Jámánì bákan náà, ni ó rí ojútùú sí ìyọnu yìí. Fún ọkọ̀ Mercedes tí ilé-iṣẹ́ Daimler ṣe parí ní òpin 1900, ó to páìpù kéékèèké 8,070 jọ bí afárá oyin, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju mílímítà 6 lọ. Afẹ́fẹ́ ń gba inú wọn, omi ń gba àárín wọn. Omi tí ọkọ̀ náà ń lò kò ju lítà 9 lọ, ìdajì ohun tí ti ìṣáájú ń gbà. Nígbà tí ọkọ̀ yìí borí nínú ìdíje ní Nice, ní ilẹ̀ Faransé, ní oṣù kẹta 1901, kò sí ẹni tí ó tún jiyàn mọ́.

Láti ìgbà náà, fún nǹkan bí 70 ọdún, bàbà àti idẹ ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ rédíétọ̀. Bàbà ni ewé tín-ín-rín tí ń tú ooru sílẹ̀, nítorí pé nínú gbogbo irin, fàdákà nìkan ni ó fi díẹ̀ jù ú lọ ní gbígbé ooru. Idẹ ni páìpù àti táǹkì. Òjé àti tánganran yíyọ́ ni a fi lẹ̀ wọ́n pọ̀. Irú rẹ̀ ni ó wà lára àwọn Bedford àti Austin tí a sọ di bọ́lẹ̀kájà, àti lára Morris Minor tí ó jáde ní 1948. Ìjàpá Volkswagen kò bá wọn pín nínú rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ni ó fi ń tu ara rẹ̀, kì í mu omi.

Idẹ àti bàbà kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Bàbà ni ìbòjú Ọbalùfọ̀n ní Ilé-Ifẹ̀, láti ọ̀rúndún púpọ̀ sẹ́yìn. Nítorí náà kò ṣòro fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa láti mọ rédíétọ̀ í tún ṣe. Bí ó bá ń jò, wọn a fi iná sí i, wọn a fi òjé dí ihò náà. Bí páìpù kan bá bàjẹ́ pátápátá, wọn a dí i lórí àti nísàlẹ̀, ọkọ̀ a sì tún máa lọ.

Ní 1973 epo rọ̀bì di ọ̀wọ́n ní gbogbo ayé, àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun tí ó fúyẹ́. Bàbà wúwo ju alumíníọ́mù lọ ní ìlọ́po 3 àti jù bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, alumíníọ́mù kò gbé ooru tó bàbà, ṣùgbọ́n wọ́n mú kí páìpù rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń tu omi dáadáa. Táǹkì rẹ̀ ni wọ́n fi ike tí a pò mọ́ fọ́nrán dígí ṣe. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín, wọ́n sì ká eyín irin mọ́ ọn létí. Ní àwọn ọdún 1980 ó ti gbilẹ̀ kárí ayé, ọkọ̀ tòkunbọ̀ sì kó o wá bá wa lọ́pọ̀lọpọ̀.

Kí á má ṣe bú ike: ó fúyẹ́, kì í dípẹtà, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń gbóná tí ó sì ń tutù lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, a máa gan, a máa sán. Òjé kò lè mú ike, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a sì ní láti jù ú nù. Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n ọ̀tá alumíníọ́mù ni omi oníyọ̀. Kúláǹtì ni kí á máa bù sí i. Ti irin náà ní àbùkù tirẹ̀. Ó wúwo, ìdọ̀tí omi a máa dí páìpù rẹ̀, èéfín òjé sì léwu fún ẹni tí ń jó o. Gbangba ìta ni kí àwọn ọmọ-iṣẹ́ ti máa ṣe é.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, bí ọkọ̀ yín àtijọ́ bá ṣì ní rédíétọ̀ bàbà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oníke pààrọ̀ rẹ̀ kìkì nítorí pé ó ń jò. Ẹ kọ́kọ́ gbé e tọ oníṣẹ́ ọwọ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ oníke ni ó wà lára ọkọ̀ yín, tí ó sì ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó rin ìrìn jíjìn. Èyíówù kí ó jẹ́, ẹ má ṣe ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tí ó bá gbóná. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n bí ike ti ń gbilẹ̀, iṣẹ́ ń dín kù lọ́wọ́ àwọn tí ń fi òjé tún rédíétọ̀ ṣe. Bí àwọn àgbà wọn bá lọ láìrí ọmọ kọ́, ọkọ̀ àtijọ́ wa yóò di ẹrù lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí á máa gbé iṣẹ́ fún wọn, kí á sì fi ọmọ wa sí ọ̀dọ̀ wọn, kí ìmọ̀ náà má baà parun ní ìlú wa.