Bí A Ṣe Mọ Ibi Tí Oòrùn Wa Wà

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ aráyé rí ní ti ojú ọ̀run. Ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ti gbà pé ayé wa ni àárín gbùngbùn ohun gbogbo. Ní ọdún 1543 ni ìwé Copernicus, ará Pólàǹdì, jáde, tí ó ní oòrùn ni ayé ń yí po. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gba ipò àárín lọ́wọ́ ayé, oòrùn ni wọ́n gbé e fún.

Kì í ṣe àìmọ̀wé ni ó fà á. William Herschel àti Caroline àbúrò rẹ̀ obìnrin ka ìràwọ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi lójú sánmọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1785, Herschel kéde pé oòrùn kò jìnnà sí àárín agbo ìràwọ̀ wa. Ohun tí kò mọ̀ ni pé eruku wà láàárín àwọn ìràwọ̀, tí ó ń dí wa lójú. Ẹni tí ó bá dúró nínú kùrukùru, ibi tí ojú rẹ̀ mọ yóò dọ́gba yí i ká, yóò sì rò pé àárín ìlú ni òun wà.

Ẹni tí ó fún wa ní òṣùwọ̀n tí a fi jáde nínú kùrukùru yìí ni Henrietta Leavitt, ní ilé ìwo-ìràwọ̀ Harvard ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa yẹ àwòrán ìràwọ̀ wò lórí gíláàsì. 30 sẹ́ǹtì ni owó wákàtí kan, etí rẹ̀ kò sì gbọ́ràn dáadáa. Àwọn ìràwọ̀ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń pọ̀ tí ó tún ń dín kù, ní ìgbà tí kì í yẹ̀. Ní 1912, ó fi 25 nínú wọn hàn wá pé èyí tí ó bá pẹ́ jù kí ó tó padà bọ̀ sípò ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Bí a bá sì ti mọ bí àtùpà kan ti mọ́lẹ̀ tó nítòótọ́, bí ó ti rí lójú wa yóò sọ bí ó ti jìnnà tó.

Lórí òṣùwọ̀n yìí ni Harlow Shapley kọ́ tirẹ̀ lé ní Kalifọ́níà. Ó wọn ọ̀nà jíjìn àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ roboto, tí púpọ̀ nínú wọn wà lókè àti nísàlẹ̀ ibi tí eruku pọ̀ sí. Ó rí i pé apá kan ojú ọ̀run ni wọ́n kó jọ sí. Ní 1918, ó kéde pé ibẹ̀ ni àárín, pé oòrùn wa jìnnà sí i gidigidi. Ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ jóòótọ́: nǹkan bí 26,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ ni a mọ̀ lónìí, èyíinì ni pé ìmọ́lẹ̀ yóò rìn fún 26,000 ọdún kí ó tó dé ibẹ̀.

Síbẹ̀, Shapley pàápàá rò pé oko bàbá òun nìkan ni oko. Ní oṣù kẹrin 1920, òun àti Heber Curtis jiyàn ní Washington. Curtis ní agbo ìràwọ̀ mìíràn pọ̀ lọ súà. Ṣùgbọ́n òun náà gbà pé ìtòsí àárín tiwa ni oòrùn wà. Ìdajì òtítọ́ ni ó wà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Ní 1923, Edwin Hubble rí irú ìràwọ̀ tí Leavitt wọ̀n nínú Andromeda, ó sì hàn pé Andromeda wà lẹ́yìn òde agbo tiwa pátápátá.

Leavitt kò gbọ́ ìròyìn náà. Ó ti kú ní oṣù Kejìlá 1921. Ní 1925, ọ̀mọ̀wé Mittag-Leffler kọ̀wé sí i láti Swídìn pé òun fẹ́ dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel. Lẹ́tà náà kò bá a láyé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí ó wọn oko fún wa, ó yẹ kí a máa kí i kí ilẹ̀ tó ṣú.