Bí Ọmọ Bá Fi Orí Gbá Nídìí Bọ́ọ̀lù

Ọpọlọ kò lẹ̀ mọ́ agbárí. Inú omi ló wà. Bí orí ọmọ bá kọlu orí ẹlòmíràn, tàbí ó kọlu òpó góòlù, tàbí ọmọ náà fi orí sọlẹ̀, ọpọlọ á mì nínú agbárí. Òun ni àwọn dókítà wa ń pè ní commotion cérébrale.

Ẹ̀jẹ̀ lè má jáde, orí lè má wú. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé bí ọmọ kò bá ti dákú, kò sí nǹkan tó ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń ṣe kì í dákú rárá.

Kí la ó máa wò? Orí fífọ́, òòyì, èébì, ojú tó ń ṣe bàìbàì, ọmọ tí kò rántí ẹni tó jẹ góòlù, tàbí tó ń béèrè ohun kan náà léraléra. Àmì míràn lè má yọ títí di ọjọ́ kejì.

Ká yọ ọmọ náà kúrò nínú eré lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò gbọdọ̀ padà wọlé lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ àṣekágbá ni wọ́n ń gbá. Bó bá tún fi orí gbá kí ti àkọ́kọ́ tó san, ọpọlọ lè wú lójijì, ó sì lè pa á. Ẹ má fún un ní aspirine.

Bó bá ń bì léraléra, tí gìrì mú un, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tí ọmọlójú kan tóbi ju èkejì lọ, tàbí tí a jí i tí kò jí, ilé ìwòsàn ni kíá, ì báà jẹ́ òru.

Bí kò bá sí èyí, kó sinmi nílé fún ọjọ́ kan sí méjì. Kó má ru omi, kó má lọ oko. Kó kọ́kọ́ padà sí ilé ìwé ná, kó tó padà sídìí bọ́ọ̀lù, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ á bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2015 ni àjọ bọ́ọ̀lù wọn ti ní kí ọmọ ọdún 10 sísàlẹ̀ má fi orí gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ní 2020, àjọ ti Gẹ̀ẹ́sì náà fòfin de é níbi ìdánrawò àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ jẹ́ ká ri òpó góòlù mọ́lẹ̀ dáadáa, ká má sì fún ọmọ kékeré ní bọ́ọ̀lù àgbà, tó ń wọn 410 sí 450 gíráàmù.

Ọmọ tó bá ní orí ń fọ́ òun kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kó jókòó.