Ta Ni Ó Ni Kíbọ́ọ̀dù? Ìtàn Tẹ́míná àti Àkọtọ́ láti Ojú Bassila àti Manigri

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé ètò kíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan; apá kan nínú ìtàn àkọtọ́ wa ni. Ìbéèrè mi kò ju ọ̀kan lọ: nígbà tí ènìyàn bá dìde nídìí ẹ̀rọ tí òun àti àwọn mìíràn jọ ń lò, tí ó sì padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ta ni ó ń pinnu lẹ́tà tí ìka rẹ̀ yóò bá níbẹ̀?

Bassila àti Manigri wà ní ẹkùn Donga, ní Benin, níhà ààlà Togo. Nago ni wọ́n ń sọ ní Manigri, àwọn onímọ̀ èdè sì ka ẹ̀ka-èdè náà mọ́ ti Kambolé ní Togo. Bassila ni ojúkò èdè Anii. Faransé ni èdè ìjọba. Ní 1974 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àkọtọ́ Yorùbá tirẹ̀. Ní 1975, Benin gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún gbogbo èdè orílẹ̀-èdè rẹ̀. Wọ́n tún un yẹ̀ wò ní 1990 àti 2008. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí ará Ìbàdàn kọ ní «ọpẹ́», «ɔkpɛ́» ni ní àkọtọ́ Benin. «Ṣe» di «she». Anii tún ń lo ɩ.

Taipúráítà tó bá ìjọba Faransé wọlé, AZERTY ni. Lẹ́tà é, è àti ç ní bọ́tìnnì tiwọn níbẹ̀. Ɛ àti ɔ kò ní. Ìpàdé tí UNESCO pè sí Niamey ní 1978 dábàá álífábẹ́ẹ̀tì kan fún àwọn èdè Áfíríkà, ṣùgbọ́n àbá kì í yí irin padà. Síbẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n bá ti jó mọ́ irin taipúráítà, ibẹ̀ ni yóò wà títí ẹ̀rọ náà yóò fi bàjẹ́.

Tẹ́míná yí ọ̀rọ̀ padà. Èyí tí mo ń sọ ní ojú àti kíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kò ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà àgbà kan ni ó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè é ní thin client. Lórí àwọn ẹ̀yà àtijọ́ Linux Terminal Server Project, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, alábòójútó lè kọ ètò kíbọ́ọ̀dù tẹ́míná kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì lts.conf. Ti ẹ̀rọ ni ìyẹn, kì í ṣe ti ènìyàn. Ohun tí òǹlò fúnra rẹ̀ bá yàn lẹ́yìn tó ti wọlé, àpò tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà àgbà ni ó ń gbé. Bí wọ́n bá ń nu àpò náà lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti ń ṣe fún àlejò, ohun tó yàn bá a lọ. Lórí Windows, tẹ́míná ni ó ń sọ irú kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà àgbà nígbà tí wọ́n bá so pọ̀. Páswọ́ọ̀dù ẹ̀wẹ̀, ètò ẹ̀rọ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́, nítorí ẹ̀rọ kò tíì mọ ẹni tó jókòó.

Orúkọ ènìyàn ni ó wà nínú ewu níbí. Lójú Unicode, o, ọ àti ɔ jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí akọ̀wé kan bá fi ɔ kọ orúkọ ọmọ láàárọ̀, tí tẹ́míná sì padà sí AZERTY lọ́sàn-án, o lásán ni ẹni tó gbapò rẹ̀ yóò tẹ̀. Ẹni tó bá wá ọ̀kan lè má rí èkejì. Yorùbá wà nínú àtòjọ kíbọ́ọ̀dù Linux lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ Nàìjíríà ni ó wà. Ẹ, ọ àti ṣ ni ó ń tẹ̀. Ará Manigri tó bá yàn án ti ré ààlà kọjá láìdìde.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èrò mi ni pé kí ètò kíbọ́ọ̀dù máa gbé inú àpò òǹlò, kí ó máa bá a dé tẹ́míná yòówù tó bá jókòó sí, kí a sì fi àkọtọ́ Benin sí ojú ìwọlé pẹ̀lú Faransé. Láìsí èyí, ìpinnu 1975 yóò máa parẹ́ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ.