Ìlẹ̀kùn Méjì: Ìtàn Àwọn Obìnrin Ilẹ̀ Íjíbítì

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn ilẹ̀ Íjíbítì, ọ̀rọ̀ Fáráò ni a máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì bá sì ti la Òkun Pupa já, a kì í sábà padà síbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò parẹ́, ìtàn rẹ̀ kò sì tán. Èyí tí a fẹ́ sọ níhìn-ín kò tíì pẹ́ púpọ̀ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí ó bẹ̀rẹ̀. Ìtàn àwọn obìnrin ni, ní ilẹ̀ tí ó jẹ́ pé Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ibẹ̀. Ìlẹ̀kùn méjì ni wọ́n kàn pé kí a ṣí fún wọn. Èkínní ni ìlẹ̀kùn Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, níbi tí a ti ń ṣe òfin ìlú. Èkejì ni ìlẹ̀kùn ilé ẹjọ́, níbi tí a ti ń dá ẹjọ́ ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀. Ohun tí a rí nínú ìtàn náà ni pé ìlẹ̀kùn kejì ni ó pẹ́ jù kí ó tó ṣí.

Ní ọdún 1919, abẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Íjíbítì wà. Wọ́n mú Saad Zaghlul, olórí àwọn tí ń béèrè òmìnira, wọ́n sì kó òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí erékùṣù Malta. Gbogbo ìlú sì dìde. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta, àwọn obìnrin ọlọ́lá ìlú Káírò, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹlẹ́hàá tí kì í jáde sí gbangba, fi ìbòjú bo ojú wọn, wọ́n sì jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sí ìgboro. Mùsùlùmí wà nínú wọn, àwọn Kristẹni Kọ́pítì sì wà nínú wọn pẹ̀lú. Àwọn ọmọ-ogun dí ọ̀nà mọ́ wọn, wọ́n sì dá wọn dúró nínú oòrùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò bà wọ́n. Huda Sha'arawi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn. A bí i sí ilé ọlọ́rọ̀ ní ọdún 1879. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí a fi í fún ìbátan rẹ̀ kan tí ó dàgbà jù ú lọ púpọ̀ láti fi ṣe aya.

Ní ọdún 1922, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kéde pé Íjíbítì ti di òmìnira, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ-ogun wọn kò kúrò níbẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, a ṣe òfin ìpìlẹ̀ àti òfin ìdìbò: ọkùnrin nìkan ni yóò máa dìbò. Àwọn tí wọ́n bá ọkùnrin pín nínú ìyà kò bá wọn pín nínú èrè. Ní ọdún 1923 yìí kan náà ni Huda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Íjíbítì sílẹ̀. Ó lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin oríṣìíríṣìí ilẹ̀ ní Róòmù. Nígbà tí ó sì padà dé ibùdókọ̀ rélùwéè ní Káírò, òun àti Saiza Nabarawi ṣí ìbòjú kúrò lójú wọn ní gbangba. Nígbà tí a ṣí Ilé Ìgbìmọ̀ ní ọdún 1924, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbéèrè wọn. A kò fún wọn ní ìbò. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1923 ti fi ọdún 16 ṣe ààlà ọjọ́ orí ìgbéyàwó fún ọmọbìnrin, ìjọba sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ girama fún àwọn ọmọbìnrin ní ọdún 1925. Ẹni tí a fún lọ́kọ ní ọmọ ọdún 13 fi ojú rẹ̀ rí èyí. Ní ọdún 1947 ni ó kú, láì dìbò rí.

Doria Shafik, tí a bí ní ìlú Tanta ní ọdún 1908, tí ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Sorbonne ní ìlú Párìsì, bá iṣẹ́ náà lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1951, ó ṣáájú nǹkan bí 1,500 obìnrin wọ inú ọgbà Ilé Ìgbìmọ̀. Ní ọdún 1952 àwọn ológun lé ọba kúrò lórí oyè. Nígbà tí a yan ìgbìmọ̀ tí yóò kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun ní ọdún 1954, tí a kò sì fi obìnrin kan sí i, Doria lọ jókòó sí ilé ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn, ó sì kọ oúnjẹ. Àwọn obìnrin mìíràn darapọ̀ mọ́ ọn. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó jẹun, lẹ́yìn tí Ààrẹ Naguib ránṣẹ́ pé a kò ní gbàgbé ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin.

Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1956 fún wọn ní ìbò. Ní ọdún 1957 a yan Rawya Ateya àti Amina Shukri sínú Ìgbìmọ̀. Ní ọdún 1962 Hikmat Abu Zayd di mínísítà, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà ní ilẹ̀ wọn. Ìlẹ̀kùn èkínní ṣí, ṣùgbọ́n kò ṣí tán. Dandan ni fún ọkùnrin láti forúkọ sílẹ̀ fún ìbò; obìnrin ni ó ní láti lọ béèrè fúnra rẹ̀. Nígbà tí Doria sì bá Ààrẹ Nasser wí ní ọdún 1957 pé ó ń dá nìkan ṣe ìjọba, a há a mọ́ ilé. Ó kú ní ọdún 1975.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ìlẹ̀kùn kejì. Ní gbogbo àkókò tí obìnrin ń dìbò, tí obìnrin sì ń ṣe mínísítà, ọkọ lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kọ aya rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1920 àti ti ọdún 1929, aya tí ó bá fẹ́ lọ ní láti fi ẹ̀rí hàn níwájú adájọ́ pé ọkọ kò bọ́ òun, tàbí pé ó ń ṣe òun níbi. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ a sì máa fà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1979 Ààrẹ Sadat fi àṣẹ gbé òfin kan jáde pé aya tí ọkọ rẹ̀ bá fẹ́ ẹlòmíràn lé lórí lè gba ìkọ̀sílẹ̀. Ní ọdún 1985 ilé ẹjọ́ tí ń ṣọ́ òfin ìpìlẹ̀ fagi lé e nítorí ọ̀nà tí a gbà ṣe é. Òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọdún náà, ṣùgbọ́n ó tún di dandan kí aya fi ẹ̀rí ìpalára hàn.

Ọdún 2000 ni a tó gbà pé aya lè lọ láìsí ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, bí ó bá dá owó ìgbéyàwó tí ọkọ san fún un padà, tí ó sì yọ̀ǹda owó ìtọ́jú tí ì bá gbà. Kì í ṣe òfin àwọn òyìnbó ni àwọn tí wọ́n gbèjà òfin yìí tọ́ka sí, bí kò ṣe ìtàn ìgbà Ànábì Muhammad: bí aya Thabit ọmọ Qays ti sọ pé òun kò rí ẹ̀bi lára ọkọ òun, ṣùgbọ́n òun kò lè bá a gbé, tí Ànábì sì ní kí ó dá ọgbà tí ọkọ fi fẹ́ ẹ padà, kí ọkọ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2003 a fi Tahany al-Gebaly jẹ adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tí ó fagi lé òfin ọdún 1979 náà.

Láti ọdún 1956 dé ọdún 2000 jẹ́ ọdún 44. Èéṣe tí ó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Lójú tiwa, ìbò jẹ́ ohun tí alákòóso lè fún ni láìṣe pé ó dín agbára tirẹ̀ kù, pàápàá níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò bá a du oyè. Ṣùgbọ́n òfin ìgbéyàwó wọ ilé olúkúlùkù ọkùnrin, títí kan ilé àwọn tí ń ṣe òfin. Obìnrin tí ó rí owó dá padà ni ó sì lè tètè gba ọ̀nà tuntun náà kọjá. Tálákà ṣì ń wo ẹnu ọ̀nà.

Kí àwa tí a jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ má ṣe ka ìtàn yìí bí ẹni tí ń wo àléébù aládùúgbò. Ọdún 1882 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà pé ohun ìní aya jẹ́ tirẹ̀ pátápátá. Òfin Mùsùlùmí ti fún aya ní ẹ̀tọ́ yẹn ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ṣáájú. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé àwọn obìnrin ilẹ̀ kan ti ń dìbò, ẹ jẹ́ kí a tún béèrè ọ̀rọ̀ kan sí i: bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ sí ilé ẹjọ́ lọ́la nítorí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀, báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí a tó dá a lóhùn?